Èsì: Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì fóònù o

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin ní etíkun Èkó, ẹ sì bèèrè bóyá tọ́ọ̀ṣì fóònù yóò tó. Ẹ má tàn án rárá. Ìmọ́lẹ̀ funfun lè mú kí abo tó ń gòkè bọ̀ ṣẹ́rí padà sínú omi láìyé ẹyin kankan. Ti àwọn ọmọ rẹ̀ tún burú jù: ibi tó bá mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń forí lé, torí pé lóru, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ ju orí ilẹ̀ lọ. Tí iná bá tàn lẹ́yìn wọn, títì ni wọ́n á gbà lọ. Iná pupa tí kò lágbára, ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹni tó mọ ibẹ̀, ti tó fún gbogbo yín.

Ẹ̀yìn ìjàpá náà ni kí ẹ jókòó sí. Kò sí pé à ń fọwọ́ kàn án, kò sì sí pé ẹnì kan ń gbé ọmọ ìjàpá lọ sínú omi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yín, ẹ kó o padà wálé (àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n dà nù!), ìjàpá lè gbé e mì bí oúnjẹ.

Họ́lídè oṣù kẹjọ tí ẹ dá kò dáa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń yé jù.