Àbúrò, kó ìwé ìdánwò rẹ jọ kí o tó lọ sórí rédíò

Àbúrò mi, o ní HOD yín, olórí ẹ̀ka yín, pè ọ́ sí ọ́fíìsì, ó ní kí o tún máàkì ọmọ ọlọ́lá kan wò, ó sì kìlọ̀ fún ọ pé kí o yé sọ̀rọ̀ ìjọba lórí rédíò. O wá ń béèrè bóyá òmìnira olùkọ́ yunifásítì tí gbogbo wa ń pariwo lè gbà ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní apá Mainland níbí, ojú mi sì ti rí i. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Òmìnira yẹn wà. Ìwé tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, fọwọ́ sí ní 1997 lórí ipò àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kà á lẹ́sẹẹsẹ: kí olùkọ́ kọ́ni, kó ṣèwádìí, kó tẹ ohun tó bá rí jáde, kó sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ pàápàá. Ìwé òfin Ghana ti 1992 dárúkọ rẹ̀. Tiwa ti 1999 kò dárúkọ rẹ̀, abala 39 tó fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ là ń dì mú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ló ń gbani. Ní 1985, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Olaniyan àti Yunifásítì Èkó. Wọ́n ti lé àwọn òṣìṣẹ́ àgbà kan lọ láìtẹ̀lé abala 17 òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀, èyí tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹ̀sùn fún olúwarẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ 49 tí wọ́n lé ní Yunifásítì Ìlọrin ní 2001 nítorí ìyanṣẹ́lódì, 2009 ni ilé-ẹjọ́ kan náà tó dá wọn láre. Ro ohun tí ojú aya àtọmọ wọn rí láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn.

Ẹ̀sùn yẹn gan-an ni kí o máa rò. Kò sí ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé o sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ohun tí o kò ṣe ni wọn yóò wá kiri.

Èmi sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn dí ọ̀sà, àti bí omi ṣe ń wá ya wọ ilé àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ní apá Mákòkó àti Bàríga. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni. Kò pẹ́ ni query dé, lẹ́tà tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ẹ̀sùn: kí n ṣàlàyé láàárín wákàtí 48 ìdí tí èsì ìdánwò mi fi pẹ́, àti bóyá mò ń wọ kíláàsì déédéé. Wọn ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọ̀sà rárá. Mo gbé páálí lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìwé ìdánwò wà níbẹ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, mo ti fi okùn dì í, àtẹ máàkì wà lórí ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, àti ẹ̀dà lẹ́tà tí mo fi kó èsì sílẹ̀, tí akọ̀wé ẹ̀ka ti lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí. Alága fa ìwé kan yọ láàárín, ó ro máàkì inú rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, láti ìbéèrè kìíní dé ìkẹrin, ó bá tiwájú mu. Ó fa òmíràn yọ, ó tún bá a mu. Ó ní kí n máa lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, wọ́n ṣì dá ìgbéga mi dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò bọ́, mo sì ń sọ̀rọ̀ ọ̀sà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ò rí i bẹ́ẹ̀. Òun tú àṣírí àwọn tó ń ta àyè ìgbaniwọlé, ọ̀rọ̀ tó wúwo ju tèmi lọ. Wọ́n bá ìwé ìdánwò tí kò tíì máàkì lábẹ́ tábìlì rẹ̀, àwọn ọmọ sì jẹ́rìí pé tipátipá ló ń ta hándáàtì fún wọn. Òdodo tó sọ ṣì jẹ́ òdodo, àmọ́ kò sẹ́ni tó fetí sí i mọ́. Ó ń dùn mí dòní, torí àwọn tó ń ta àyè yẹn ṣì wà lórí àga.

Ìwé UNESCO tí mo dárúkọ yẹn ò yọ ojúṣe sílẹ̀: ká kọ́ wọn dáadáa, ká máàkì láìṣègbè, ká jẹ́ kí ẹni tó ta kò wá sọ̀rọ̀ tán, ká má sì fi oyè wa tan ará ìlú jẹ lórí ohun tí a kò kọ́. Nítorí náà, lórí rédíò, sọ ọ́ ketekete pé tìrẹ lò ń sọ, pé o ò gbẹnu sọ fún yunifásítì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò nínú iṣẹ́ rẹ, sọ pé ọmọ ìlú ni ọ́, kó o sì bọ́ oyè sílẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fi fèlì dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n á ní kò sẹ́ni tó lè bi àwọn léèrè. Fọ́nrán tí BBC gbé jáde lóṣù kẹwàá 2019, nípa àwọn olùkọ́ tó ń fi máàkì béèrè ìbálòpọ̀, fi irú wọn han gbogbo ayé. Àwọn yẹn ló ń ba ọ̀nà jẹ́ fún àwa tó kù, inú ń bí mi sí wọn.

Ní ti máàkì: lọ bá HOD, dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, kó o wá sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọmọ náà bá rò pé mo rẹ́ òun jẹ, kó kọ̀wé sí ẹ̀ka. Ẹ yan ẹlòmíràn kó tún ìwé náà máàkì.” Ìpàdé ẹ̀ka lè wo máàkì gbogbo kíláàsì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ti ọmọ kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni kò ṣeé ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ náà, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, dúpẹ́ pé ó gbà ọ́ lálejò, kó o sì tún ohun tí ẹ jọ sọ sọ níbẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fi ẹ̀dà pamọ́ sílé. Sọ fún ASUU yín, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, báyìí, má dúró dìgbà tí query bá dé.

Kí o tó sùn lónìí, ka ìwé ìdánwò tó wà lọ́wọ́ rẹ, kó o fi wé iye orúkọ tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ọ̀kan bá dín, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹ̀ka láàárọ̀ ọ̀la.