Wáyà Inú Ẹnu fún Ọmọ Tó Ń Mu Àtàǹpàkò

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún 7, ṣùgbọ́n títí di òní kò lè sùn láìfi àtàǹpàkò sẹ́nu. Bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n náà, ọwọ́ á ti dé ẹnu kó tó mọ̀. Eyín òkè rẹ̀ ti yọ síwájú, bó bá sì pa eyín dé, a ṣì ń rí ahọ́n rẹ̀ láàárín tòkè àti tìsàlẹ̀. A ti fi ohun kíkorò pa á níka, a ti bá a wí, a tilẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà eyín tí a lọ rí ní òun fẹ́ fi wáyà sí i lájà ẹnu. Bàbá rẹ̀ ní ìyà lásán ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ọmọ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá tí ọ̀rọ̀ ń kọ lóminú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ìbẹ̀rù wọn nídìí, nítorí wáyà tí a bá fi sẹ́nu ọmọ tí kò mọ ohun tó wà fún lè di ìyà lóòótọ́. Ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ jáwọ́, tí ọwọ́ sì ń sáré lọ sẹ́nu láìjẹ́ kó mọ̀, ni wáyà náà wúlò, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rán an létí.

Mímu ìka kì í ṣe àìsàn. Inú oyún ni àwọn ọmọ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4. Bí ọmọ bá jáwọ́ kí eyín àgbà iwájú tó hù, èyí tó máa ń wáyé ní nǹkan bí ọdún 6 sí 7, eyín tó ti yẹ̀ sábà máa ń padà sípò láìsí ìtọ́jú kankan. Orí ààlà yẹn gan-an ni ọmọ yín wà báyìí, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí dókítà yín kò fi ní kí ẹ ṣì máa wò ó níran.

Bí ìka ṣe ń pẹ́ tó lẹ́nu ló ń ba eyín jẹ́ ju bí ọmọ ṣe ń fà á le tó lọ. Agbára díẹ̀ tó bá wà lára eyín fún wákàtí 4 sí 6 lóòjọ́ tó láti sún un kúrò láyè rẹ̀, ẹni tó sì ń fi ìka sùn mọ́jú lè ti kọjá iye yẹn. Ìka ń ti eyín òkè síta, ó ń tẹ tìsàlẹ̀ wọnú, kò sì jẹ́ kí méjèèjì hù débi tí wọn yóò ti pàdé. Ahọ́n tó yẹ kó gbé àjà ẹnu ró á sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá máa fún àgbọ̀n òkè pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. (Àlàfo yìí kì í ṣe èjí o. Àárín eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni èjí ń wà. Tọmọ yín wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ahọ́n sì ti sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà.)

Dókítà yóò fi òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ eyín ẹ̀yìn kan lápá ọ̀tún òkè àti ọ̀kan lápá òsì, yóò fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ wọ́n, wáyà yóò sì gba abẹ́ àjà ẹnu dé ẹ̀yìn eyín iwájú, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bí ọgbà kékeré. Bí ìka bá wọlé, irin ni yóò bá pàdé, adùn rẹ̀ á sì lọ. Ọgbà náà tún ń dá ahọ́n dúró kó má baà máa ti eyín síwájú. Irú kan wà tó ní ẹnu ṣóńṣó. Èmi kì í gbà á nímọ̀ràn fún ọmọdé. Èyí tí mo fẹ́ràn ni irú tó ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí lórí wáyà, nítorí ọmọ á máa fi ahọ́n yí i, ọkàn rẹ̀ á sì kúrò lára ìka. Bí àjà ẹnu bá ti há jù, wáyà kan wà tó lè máa dí ìka lọ́nà, kó sì tún máa fẹ̀ ẹ́. Ti èyí tí ọmọ lè yọ fúnra rẹ̀, orí tábìlì ló sábà máa ń sùn.

Wíwọ̀ ọ́ kì í dun ọmọ. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, itọ́ lè máa dà, ọ̀rọ̀ lè wúwo lẹ́nu, oorun sì lè dàrú díẹ̀. Oúnjẹ rírọ̀ ni kí ẹ fún un. Ẹ máa fọ eyín rẹ̀ dáadáa, ẹ má fún un ní ohun líle tàbí àdídùn tó ń lẹ̀. Bí òrùka bá mì, ẹ má fi falẹ̀, torí oúnjẹ tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ ń jẹ eyín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe nìyí: ọmọ lè fi ìka sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì ní kí a yọ wáyà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí oṣù 3 sí 6 sí i, kí àṣà náà tó kú tán.

Àmọ́ kí ẹ tó padà lọ, ẹ dẹ́kun yẹ̀yẹ́ náà. Ọmọ tí ojú ń tì tún ń wá ìka rẹ̀ lọ ni. Ẹ bi í ní ìrọ̀lẹ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ bóyá ó fẹ́ jáwọ́. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lóru, ẹ máa sàmì sí kàlẹ́ńdà fún gbogbo òru tó bá mọ́ láìmu ìka, kí ẹ sì yìn ín. Bó bá gbìyànjú fún oṣù kan tàbí méjì tí kò ṣeé ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló máa ní kí ẹ mú òun lọ síbi wáyà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 5, ń payínkeke lójú oorun. Ṣé wáyà yìí lè bá a ṣe é?

ÌDÁHÙN: Rárá, wáyà yìí kò kan payínkeke. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà. Ike tí àgbàlagbà ń fi bo eyín sùn kò dá payínkeke dúró, ńṣe ló ń gba eyín lọ́wọ́ jíjẹ. A kì í sì sábà fi sẹ́nu ọmọdé, torí àgbọ̀n wọn ṣì ń dàgbà. Bó bá ń hanrun tàbí tó ń fi ẹnu mí lóru, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ imú àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò.