Ẹ wá ọ̀nà àtigòkè padà ná, kí ẹ tó fi wáyà yí ọkọ̀ ká

Ẹ̀gbọ́n wa tó ra ọkọ̀ ìgbòkun onífáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 19, ẹ kú orí ire o. Ẹ ní láti Ìwópìn lẹ ó ti máa wà á gba orí ọ̀sà Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ ní wẹ́dà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ti wọn ọkọ̀ náà, pé ó fẹ́ ri òpó irin sí etí rẹ̀ yí ká, kó sì fa wáyà gba orí wọn kí èèyàn má bàa jábọ́ sómi. Ẹ wá bèèrè pé ṣé dandan ni, àti pé ṣé wáyà ló dáa àbí okùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fún wẹ́dà yẹn lówó.

Kì í ṣe dandan fún ọkọ̀ tó mọ báyẹn lórí ọ̀sà, ó tiẹ̀ lè ṣe yín ní jàǹbá. Òfin àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje lórí òkun ní kí wáyà ga tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ọkọ̀ tí kò bá gùn tó mítà 8.5, wọ́n gbà kó jẹ́ 45. Ẹ wá wo ara yín. Ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 170, àárín ìwúwo ara rẹ̀ wà nítòsí ìdodo, bíi 93 sókè ilẹ̀. Wáyà tó wà ní 45, orúnkún ló máa kàn. Ohun tó bá gbá èèyàn lórúnkún nígbà tí ọkọ̀ fì, ìkọsẹ̀ ni, orí ni yóò fi wọ omi. Àwọn apẹja tí ń dúró ju àwọ̀n nínú ọkọ̀ igi ní apá Mákùn-Omi kò ní wáyà kankan. Wọ́n ń la ẹsẹ̀, wọ́n ń tẹ orúnkún, bí wọ́n bá sì ti ju àwọ̀n tán, wọ́n á jókòó.

Bí wẹ́dà bá ní òpó òun lágbára, ẹ bi í pé kí ni yóò dì í mú nísàlẹ̀. Òpó tó ga ní 60, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 7.5, ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Bí ẹni kílò 75 bá fi gbogbo ara rọ́ lu orí rẹ̀, nǹkan bíi kílò 600 ni yóò máa fa bóòtù ìsàlẹ̀ tu. Síkúrúù kò lè gbà á, ṣe ni yóò fà tu tòun ti fáíbà tó há sí. Àfi bóòtù tó gba fáíbà já, tí ẹ fi awo àlùmíníọ̀mù tẹ́ ẹ lábẹ́: sẹ̀ǹtímítà 15 níbùú, 15 lóròó, kó nípọn tó mìlímítà 6. Bí igi bá sì wà láàárín fáíbà yẹn, ẹ lu ihò kó tóbi ju bóòtù lọ, ẹ fi ípọ́sì, ìyẹn gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń le, dí i, ẹ jẹ́ kó gan, kí ẹ tó tún un lu. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, omi yóò wọnú igi lọ. Omi ọ̀sà Lẹ́kí kò níyọ̀, igi sì ń tètè jẹrà nínú omi tí kò níyọ̀ ju nínú omi òkun lọ. Wẹ́dà kò ní sọ èyí fún yín, torí iye òpó ló ń gbowó lé.

Ibi tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àtigòkè padà sínú ọkọ̀ téèyàn bá ti já sómi. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ á wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, á ní kí ló le níbẹ̀. Nínú omi, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Apá nìkan ló kù, bí àyà bá sì ti ń kúrò nínú omi ni ara ń wúwo sí i. Ṣòkòtò ti mu omi yó. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tó wú síwájú àyà, ń tì yín kúrò lára ọkọ̀. Ẹsẹ̀ á fì wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn á máa tẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gbìyànjú lagbára pọ̀ jù. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìka kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Ẹni tó kù nínú ọkọ̀ á sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ yẹn láti fà yín, ọkọ̀ á sì tẹ̀ sí ibẹ̀, omi á máa yọ́ wọlé. Bí wáyà bá tún wà ńkọ́? Ó di kó gbé yín ré kọjá 45 tàbí 60 sẹ̀ǹtímítà lórí ohun tí apá rẹ̀ kò ká tẹ́lẹ̀. Wáyà tí wọ́n ní kó máa dáàbò bò yín náà ló dínà mọ́ yín yẹn.

Nítorí náà, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fún wẹ́dà, ẹ fi ra àkàbà. Ìdí ọkọ̀ ni kó wà, torí bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ gùn, ọkọ̀ kékeré á yí lé yín lórí. Kó jẹ́ irin tó ṣe é ká sókè, kí ìgbésẹ̀ méjì ó kéré tán wọ inú omi, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Kí ẹni tó wà nínú omi lè fúnra rẹ̀ fà á sílẹ̀: ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn tí yóò rọ̀ dé ojú omi. Mo ti rí àkàbà tó dáa tí wọ́n fi okùn dì pa sókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè tú u. Àkàbà onókùn tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, abẹ́ ọkọ̀ ló ń sá lọ, ẹ ó kàn nà gbalaja sẹ́yìn ni. Bó bá jẹ́ òun lowó yín ká, ẹ fi páìpù PVC bọ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kó má bàa fún ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì so irin wúwo mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà níbẹ̀, ẹ pa á kú pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ àkàbà.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú aṣọ àti jákẹ́ẹ̀tì lára, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi lórí ọ̀sà Lẹ́kí kò jìn tó mítà 3. Bí ẹsẹ̀ bá rí ilẹ̀ tì, irọ́ ni ìdánwò yẹn. Kí ẹ gùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìsinmi.

Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kò ní bi yín ní àkàbà o. Jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kà: ẹni mẹ́rin, jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ẹ máa lọ. Wọn kì í fà á wò, wọn kì í wo ìdè rẹ̀ bóyá oòrùn ti jẹ ẹ́. Wọn kì í bèèrè okùn tó ń gba abẹ́ itan kọjá. Bí okùn itan kò bá sí, jákẹ́ẹ̀tì á gòkè bo ẹni náà lójú, òun á sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Inú ń bí mi sí i gan-an, torí ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi okùn so àyà yín mọ́ ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Ṣé òjé tàbí irin wúwo wà níbẹ̀, àbí pákó tí a ń fà sókè nìkan? Bó bá jẹ́ pákó nìkan, ẹ má so ara yín mọ́ ọn láé, torí ó lè dojú dé kí ẹ sì há sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì tí a kàn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí ẹ ó máa ki ẹsẹ̀ bọ̀, ló yẹ yín. Bí ìwúwo bá wà lábẹ́, ẹ fa okùn pẹlẹbẹ oní-polyester láti ìdí òpó ìgbòkun dé ibi ìjókòó, láàárín gbùngbùn, kí ẹ máa fi ìkọ́ okùn àyà kọ́ ọn. Ẹ má lo nílọ́ọ̀nù, ó ń nà jù. Bí ọkọ̀ bá fẹ̀ ní mítà 2.2, àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ 1.1, okùn àyà tó gùn ní mítà 1 kò ní jẹ́ kí àyà yín kọjá etí. Oní-mítà 2 tó wọ́pọ̀ lọ́jà á jẹ́ kẹ́ ẹ jábọ́, kí ọkọ̀ sì máa wọ́ yín lọ nínú omi. Kí ìkọ́ rẹ̀ má há sábẹ́ irin kankan. Ní November 2017, nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun tó ń yí ayé po, ìkọ́ okùn ọkùnrin kan há báyẹn, ó tẹ̀, ó ṣí, ọkùnrin náà sì kú. Ìkọ́ wọ̀nyẹn, fífà gbọọrọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọn kò lè gba fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má dá wà á. Ọkọ̀ tó ń lọ mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò yára rárá, síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré á ti fi mítà 90 sílẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ àti jákẹ́ẹ̀tì kò lè lúwẹ̀ẹ́ bá a. Okùn tí àwọn kan ń fà tẹ̀lé ọkọ̀ láti gbá mú, òjúoró ni yóò kó lórí ọ̀sà yìí.

Bí àwọn àlejò Ojúde Ọba bá ní kí ẹ gbé àwọn gba atẹ́gùn, kí wọ́n bọ́ agbádá sílé, wọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lé jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣọ́ra fún ìjì oṣù kẹta sí ìkẹrin, àti ti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́ wẹ́lo, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ká ìgbòkun. Bẹ́ ẹ bá sì ń fi tirela gbé ọkọ̀ lọ sétí omi, kí òpó ìgbòkun wà nílẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá gbogbo wáyà iná.

Ti wáyà àbí okùn tẹ́ ẹ bèèrè: bó bá jẹ́ nítorí àwọn ọmọdé lẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, wáyà sitéńlẹ́ẹ̀sì mìlímítà 3 tí kò ní ike lára, torí ike ń bo ìpẹtà mọ́lẹ̀, tàbí okùn Dyneema, ìyẹn okùn oníke tó lágbára gan-an, mìlímítà 5. Kí òpó méjì má jìnnà síra ju mítà 2.2 lọ, kí ẹ sì ta àwọ̀n sáàárín, torí abẹ́ ni ọmọdé ń gbà bọ́ sómi. Orí wáyà tó wà lápá ẹ̀yìn, okùn ni kí ẹ fi dè é, kí àlàfo rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e kí wáyà wólẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa èèyàn wọlé. Ọ̀bẹ náà, ẹ so ó mọ́ ìdí òpó ìgbòkun, kó má kúrò níbẹ̀.