"Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ": ta ni wọ́n ń bá wí?

Ìbéèrè yín nìyí: ẹ̀yin àti bàbá yín jọ ń wo fíìmù ẹlẹ́rù àtijọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ Hammer ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní Michael Ripper tó ń ta ọtí nínú rẹ̀ kò ju wákà-páàsì lọ. Bàbá fèsì pé, "Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ." Ẹ wá ń béèrè ohun tí òwe náà bá débẹ̀.

Adìyẹ lòwe yẹn ń bá wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í yin ohun kékeré, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, àmọ́ ìkìlọ̀ ni. Adìyẹ tó rí ohun tín-ín-rín nílẹ̀, tó sáré ṣà á jẹ láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ẹ̀yin ni bàbá ń bá wí, ẹ má bínú. Ìdí sì nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ pa á fún àgbà: ẹni tí ẹ bá pa á fún lẹ sọ di adìyẹ.

Ṣé ó wá bá Ripper mu? Ní Portsmouth ni wọ́n bí i ní 1913, ó sì kú ní 2000. Òṣèré orí ìtàgé ni kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́rùn ní 1952, tí ohùn rẹ̀ kò fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn mọ́. Fíìmù kò béèrè igbe, ibẹ̀ ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Kò sí òṣèré tó fara hàn nínú fíìmù Hammer tó Ripper, títí kan Peter Cushing àti Christopher Lee tí orúkọ wọn ń hàn gàdàgbà. Abúlé àtọwọ́dá kan náà ni wọ́n lò fún The Plague of the Zombies àti The Reptile, tí méjèèjì jáde ní 1966. Ripper ṣe ọlọ́pàá nínú ọ̀kan, ó ṣe onílé-ọtí nínú èkejì.

Ẹ wo iṣẹ́ onílé-ọtí yẹn dáadáa. Àlejò kò mọ nǹkan kan. Ẹni ibi kì í ṣe irú wa. Onílé-ọtí nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábúlé, tí kò sì fẹ́ wí. Bí ẹ̀rù bá hàn lójú rẹ̀, jìnnìjìnnì ti mú èrò ìwòran kí ẹni ibi náà tó yọjú rárá. Wákà-páàsì kọ́ nìyẹn. Wákà-páàsì lẹni tí wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò kí ẹnikẹ́ni má fura.

Nínú The Mummy's Shroud ti 1967, ó ṣe Longbarrow, ọmọ-iṣẹ́ olówó kan ní Íjíbítì, tí kò fẹ́ ju kó padà sílé lọ. Ikú rẹ̀ nìkan ló dùn mí nínú gbogbo ikú inú fíìmù yẹn.

Tó bá jẹ́ Ripper fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ pa òwe fún, "igi kan kì í dá igbó ṣe" ni ǹ bá pa, torí abẹ́rẹ́ máa ń gún èèyàn, òun kò sì gún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó níbi tí kò ti sí òkú àti iwin, ẹ wá Butterflies, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí BBC ṣe láti 1978 sí 1983. Awakọ̀ ló ṣe níbẹ̀, Thomas lorúkọ rẹ̀.