Mo ta ẹrù ìyá ọkọ mi, ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 36 ni mí, olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Ilé oníyàrá mẹ́ta là ń gbé. Èmi àti ọkọ mi wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ wa méjèèjì wà nínú ìkejì, ẹrù ìyá ọkọ mi ló kún ìkẹta dé àjà. Ó ti pé ọdún méjì tí Mama ti ṣaláìsí. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi báyìí. Ìgbàkígbà tí mo bá ní ká tú yàrá yẹn, ọkọ mi á ní, "A máa ṣe é." Ní Sátidé ìjẹta, ó lọ sí òde kan l'Abẹ́òkúta, mo bá pe oníkọ́ńdẹ̀mù tó ń kọjá. Mo ta àwọn ìkòkò irin, bẹ́ẹ̀dì onírin kan àti maṣíìnì ìránṣọ Mama fún un ní 9,500 náírà. Mo di aṣọ wọn sínú Ghana-Must-Go mẹ́ta, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí n lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọkọ mi dé, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú yàrá náà, ó ń sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé maṣíìnì yẹn ló san owó WAEC òun. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, kò jẹ oúnjẹ mi, búrẹ́dì ló ń rà. Àǹtí, ṣé mo ṣe ohun tó burú ni? Mo kàn fẹ́ kí ilé mi mọ́ ni.*

*Ẹni Tí Ẹrù Sú, Ìbàdàn*

Àbúrò mi, maṣíìnì yẹn ni ká kọ́kọ́ lé bá. Ọ̀rọ̀ yòókù lè dúró.

Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń kígbe kọ́ńdẹ̀mù, àwọn kọ́ ló ń yọ́ irin. Ibì kan wà tí wọ́n ń kó o lọ nírọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé maṣíìnì tó ṣì lè yí níye lórí ju irin tó wà lára rẹ̀ lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó ti yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń tún maṣíìnì ṣe. Béèrè ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ojú títì yín, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Má lọ fúnra rẹ pẹ̀lú oyún yẹn o. Rán ẹni tó lẹ́nu, tó sì lè gbé e. Fi owó lé e lọ́wọ́, kó sì ju 9,500 lọ dáadáa, torí wọn ò ní í tà á fún ọ padà ní iye tí wọ́n rà á. Bí wọ́n bá fi ọ́ jẹ èrè díẹ̀, jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé orí maṣíìnì nìkan ló kù, tí wọ́n ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, gba orí yẹn. Káfíńtà á kan tábìlì fún un.

Ó dáa. Ìbéèrè rẹ wá ni pé ṣé o ṣe ohun tó burú.

O ṣe é. Àmọ́ pé o fẹ́ gba yàrá kẹta kọ́ ni mo ń wí. Ọmọ kẹta ń bọ̀, ibo ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, orí fíríìjì? Ẹ̀tọ́ rẹ ni kó o béèrè, o sì béèrè títí ó fi sú ọ. Ibi tí o ti ṣì í ni pé ẹrù tí o tà kì í ṣe tìrẹ, kì í tiẹ̀ ṣe ti ọkọ rẹ nìkan. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, bí ìyá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ohun tó fi sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, gbogbo wọn lápapọ̀, títí dìgbà tí wọ́n bá jókòó pín in. Ìyàwó ọmọ kì í sí nínú ìpín yẹn. O lè máa gbálẹ̀ yàrá náà lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kò sọ ọ́ di olóhun. O ò sọ fún mi bóyá ọkọ rẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Bó bá ní, mo ń bẹ̀rù fún ọ ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe ń bẹ̀rù lọ, nítorí àwọn ọkọ rẹ obìnrin lè má sunkún ní tiwọn.

Àwọn àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé àpò tó sún mọ́ ọ lo gbé. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ni ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Àpò alápótí-apótí pupa òun búlúù yẹn ni wọ́n rọ́ ẹrù sí kọjá bodè, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ọkọ rẹ ti òde dé, ó rí aṣọ ìyá rẹ̀ nínú Ghana-Must-Go mẹ́ta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àbúrò mi, lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ lo lé jáde nílé.

"A máa ṣe é" tó ń sọ yẹn, ọ̀lẹ kọ́ ni. Nígbà tí bàbá tèmi kú, tọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí wọ́dúróòbù mi fún ọdún mẹ́fà. Bátìrì ti yọ́ sínú rẹ̀, ó ti di pátápátá. Mo máa ń gbé e kúrò kí n nu eruku abẹ́ rẹ̀, kí n tún gbé e padà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi, mo ní mo fẹ́ tún un ṣe. Ta ló ń tún irú rẹ̀ ṣe? Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ nù, èmi ni mo gbé e dé ibi ìdalẹ̀, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló bá mi gbé e, mi ò mọ̀ bóyá mo máa dárí jì í.

Nítorí náà, lọ bẹ̀ ẹ́. Kúnlẹ̀, bí o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, kí o má sì fi "ṣùgbọ́n" kankan sẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà. Má sọ̀rọ̀ oyún, má sọ̀rọ̀ yàrá lọ́jọ́ yẹn. Sọ pé maṣíìnì Mama lo tà, pé o ò béèrè, pé o ti rán ènìyàn lọ wá a. Lẹ́yìn náà, kí o bi í léèrè ọ̀rọ̀ maṣíìnì náà. Ibo ni Mama gbé e sí nígbà yẹn? Aṣọ ta ni wọ́n ń rán? Kí o sì gbọ́ ọ dé òpin. Mo ń fura pé kò tíì sí ẹni tó bi í.

Bó bá ti jẹun, tí ọjọ́ bí mélòó kan sì ti kọjá, ọ̀rọ̀ yàrá á wá kàn. Òun náà jẹ̀bi tiẹ̀. Ọdún méjì pọ̀. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni tó yẹ kó ràn yín lọ́wọ́ ni èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ Mama, kì í ṣe pásítọ̀ yín. Kí ọkọ rẹ pè é, kí wọ́n mú Sátidé kan, kí gbogbo wọn wá. Ìwọ se ìrẹsì, kí o fi pálọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ni yóò ṣí àpótí. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sunkún, wọn á jà díẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò níye lórí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìdajì ẹrù yẹn á ti wọnú bùútù ọkọ̀ wọn láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá mú, àwọn fúnra wọn ni yóò ní kí ẹ fi tọrẹ. Ìgbà yẹn ló tó lè di ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tú àwọn àpò aṣọ yẹn wò dáadáa kó tó di pé ó jáde. Àgbàlagbà ni Mama, wọn ò sì kúrò lọ́rọ̀ òwe wa pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú àkísà yẹn lo ti lè rí ẹtù, tàbí àlàárì, tàbí sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, tó jọ àwọ̀ tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí. Sányán gidi kì í ṣe nǹkan tí o lè lọ rà lọ́sàn-án ọ̀la. Mo ti rí i tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ sá a fún atẹ́gùn lábẹ́ ìbòji, kì í ṣe inú oòrùn ganrínganrín, kí ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ má fi ọ̀rá dì í. Ọ̀rá máa ń há ọ̀rinrin mọ́nú ni, aṣọ á bu.

Ìwọ fúnra rẹ, má wọ yàrá yẹn lọ máa gbọn eruku. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti lọ, pé gbogbo ilé rí bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ sí lára, àti pé ó wù ọ́ kó mọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì, eku á ti bímọ síbẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ jù, Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Aláboyún tó ti wọ oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ló máa ń ṣe léṣe jù. Kí ẹni tó bá máa tú yàrá náà wọ ìbọ̀wọ́, kó bo imú, kó da omi tí wọ́n fi jíìkì sí lé ìgbẹ́ eku kó rin dáadáa, kó tó nu ún. Kí wọ́n má gbá a ní gbígbẹ.

Nǹkan mìíràn wà tí o ò béèrè. Aṣọ ọmọ tuntun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tí mo mọ̀ pé o tọ́jú síbì kan, ṣé káńfọ̀ ló wà nínú rẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó káńfọ̀ yẹn jáde lónìí, sá aṣọ náà síta fún ọjọ́ bíi mélòó, fọ̀ ọ́, tún un sá, tún un fọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Kò ṣọ̀wọ́n rárá láàárín wa, ọmọkùnrin ló sì ń mú jù. Òórùn káńfọ̀ inú aṣọ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa bà jẹ́, kí ibà pọ́njú mú un, bó bá sì le, ó lè dé ọpọlọ. Ewé dongoyárò gbígbẹ ni ìyá tèmi máa ń fi sáàárín aṣọ ní tiwọn. Ó ń rùn díẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, jẹ́ ká wọ ilé ìdáná rẹ. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ẹrù Mama nìkan lo sọ, bí ẹni pé ìwọ ò ní tìẹ. Róbà áísìkirímù mélòó ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ? Mélòó nínú wọn ló ṣì ní ìdérí? Súfiníà ńkọ́, àwọn abọ́ àti jọ́ọ̀gì tí wọ́n tẹ fọ́tò òkú àgbà sí lára, ìyẹn bàbá tí o ò rí rí, ẹni tó bá ọ tan mọ́ nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ? Mo bú ọ lọ yìí, mọ́kànlá lèmi náà kà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi kí n tó jókòó kọ̀wé yìí. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Abọ́ tí kò ní ìdérí àti ìdérí tí kò ní abọ́, kí wọ́n máa lọ. Aṣọ ẹbí tí o wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò sì gba ọ́ mọ́, gé e fún àwọn ọmọ tàbí kí o fún ẹni tó bá a mu. Léésìnnóòtù ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣé kíláàsì kan náà lo ṣì ń kọ́? Nígbà tí ológun ń fipá mú wa tún àyíká ṣe ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, gọ́tà wa máa ń dán, àmọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ò mọ̀ pé ìjọba wà. Bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tìẹ. Bí ọkọ rẹ bá rí ọ tí ò ń kó tìẹ dànù fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì láìfọwọ́ kan tẹlòmíì, ó lè jẹ́ òun ló máa ṣílẹ̀kùn yàrá kẹta fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá rí maṣíìnì náà, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e padà sínú yàrá yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni kó wà. Ra epo maṣíìnì, kí ọkọ rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kán an sí i. Kí o sì jẹ́ kí n mọ̀ bó bá ṣì ń ràn dáadáa. Mo ní ìró kan níbí tí etí rẹ̀ ti ń já.