Ìwo màlúù ní ẹ̀yìnkùlé: kí ni ìwo túmọ̀ sí ní tiwa?

Ìbéèrè: "Iṣẹ́ ọnà ni mo ń ṣe. Mo ra ìwo màlúù mẹ́fà lọ́dọ̀ alápatà, mo fẹ́ fi wọ́n ṣe bọ́tìnnì, ṣíbí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, mo sì sá wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ìyá ọkọ mi rí wọn, wọ́n ní kí n kó wọn jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ìwo kì í ṣe ohun tí obìnrin ń kó wọlé. Kí ni ìwo túmọ̀ sí gan-an nílẹ̀ Yorùbá? Báwo ni mo sì ṣe lè tọ́jú wọn kí wọ́n má rùn mọ́?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ Màmá ṣe ìjà. Ìwo tí wọ́n mọ̀ láti kékeré kì í ṣófo. Ìwo tó bá wà nínú ilé nígbà náà, ó ní ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀, ó sì ní ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ń jà ládùúgbò, tí ẹnì kan pariwo pé lágbájá ti mú ìwo jáde, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ìwo ẹran wo. Kóówá á bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní orúkọ ohun tó hù lórí ẹran, ó ti di orúkọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ní òun mu ìgò méjì, tí gbogbo wa sì mọ̀ pé ọtí ló ń sọ.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn àgbà jù ni olúgbohùn. Ìwo ni, wọ́n á di oògùn sínú rẹ̀, wọ́n á fi òwú wé e. Ẹni tó ni ín á gbé e sún mọ́ ẹnu, á sọ ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n sì gbà pé ohun tó bá sọ yóò ṣẹ. Ẹ kíyè sí orúkọ náà dáadáa: ohùn wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti mú òye ìwo.

Ohun méjì ni àwọn baba wa ń fi ìwo ṣe, wọ́n ń fi í pa nǹkan mọ́, wọ́n sì ń fi í pe nǹkan. Ti ìpamọ́ kò ṣòro láti yé wa. Àdó máa ń fọ́, ṣùgbọ́n bí ìwo bá bọ́ sílẹ̀, a ó kàn mú un nílẹ̀ ni. Orí rẹ̀ ti dí láti ọ̀run wá, nítorí náà ẹnu kan ṣoṣo ló kù láti dé. Omi kì í ráàyè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń rọ ẹ̀tù ìbọn sínú ìwo, tí àwọn arúgbó mìíràn sì ń kó tábà lílọ̀ sí ti ẹtu, èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo di ìwo ẹ̀tù ọdẹ kan mú rí ní Òkè-Ògùn. Igi ni wọ́n gbẹ́ dí ẹnu rẹ̀, okùn awọ ni wọ́n fi so ó kọ́ èjìká, ara ìwo náà sì ti dán níbi tí ó ti ń gbo ìhà olówó rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ ni apá kejì ṣì rí gbágungbàgun bí ó ti wà lórí ẹran. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ohun èlò iṣẹ́ ni, bí àpò.

Ti ìpè ló jinlẹ̀. Bí a bá lu ìwo ní ihò, tí a sì fọn ọ́, ó ń dún. Òun ni àwọn ọdẹ fi ń pe ara wọn nínú igbó. Ẹ sì rántí ìtàn Oya. Ọdẹ kan wà lórí ẹ̀gùn, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà pa mọ́, ó fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, orogún gbọ́, ó sì fi bú u. Oya wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó padà di ẹfọ̀n, ó sì jà. Kó tó wọ igbó lọ, ó fi ìwo méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ń fẹ́ òun, kí wọ́n máa fi ìwo lu ìwo. Títí di òní, ìwo ẹfọ̀n méjì ló ń wà níwájú Oya, wọ́n sì ń lù wọ́n pọ̀ láti pè é. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bràsílì, tí wọ́n ń pe Oya ní Iansã, kò gbàgbé ẹfọ̀n náà. Nítorí náà, bí Màmá bá ní obìnrin kì í kó ìwo wọlé, ẹ rọra fi pẹ̀lẹ́tù rán wọn létí pé obìnrin ló ni ìwo tó lókìkí jù nílẹ̀ wa.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ìwo kò ṣàjèjì níbẹ̀ náà. Inú ìwo ni òróró tí Sámúẹ́lì fi yan Dáfídì wà. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí títẹ̀ rẹ̀ ní 1884, Orin Dáfídì 92 sọ pé "ìwo mi ni ìwọ ó gbé ga bí ìwo àgbáǹréré." (Ẹ wo ibi tí àmì ti ṣe pàtàkì o! Ìwo ni ti orí ẹran, ìwọ ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ̀ ni ti apẹja, Ìwó sì ni ìlú odídẹrẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ ní òfìfo sára ọjà yín.) Bó bá sì jẹ́ mùsùlùmí ni wọ́n, wọn yóò ti rí onígbàjámọ̀ ní Sábó tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ara ń ro. Ó ti lu ihò sí ṣónṣó rẹ̀, á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á dí ihò náà pa, ìwo á sì lẹ̀ mọ́ awọ ara típẹ́típẹ́.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwo kò ní agbára tirẹ̀. Ẹni tó rọ nǹkan sínú rẹ̀, tó sì fi ohùn sí i, ni ó sọ ọ́ di ohun tó dà. Ìwo màlúù tó ti ọwọ́ alápatà dé ọwọ́ yín, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ̀rọ̀ sí i. Èyí tí ẹ bá rí tí wọ́n ti wé, tàbí tí wọ́n ti dé lẹ́nu, tí ẹ kò mọ olówó rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Ìwà ọmọlúàbí ni pé a kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù.

Ó ku ti òórùn. Ìwo fúnra rẹ̀ kì í rùn, nítorí irú ohun tí èékánná àti irun wa jẹ́ ni òun náà jẹ́. Bí ẹ bá fi iná kan bíńtín lára rẹ̀, òórùn irun tó jó ni ẹ ó gbọ́. Ohun tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ sí ike nìyẹn. Egungun kan wà nínú rẹ̀ tó ti orí màlúù wá, ìwo sì bò ó bí àkọ̀ ṣe ń bo idà. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń jẹrà.

Ẹ rì wọ́n sínú omi, jìnnà sí ilé, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó wà láàárín á ti rà tán. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ sè wọ́n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 nínú ìkòkò tí ẹ kò ní fi se oúnjẹ mọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, torí ìwo á rọ̀ jù, á sì máa ṣí ní ìpele ìpele. Ẹ fi aṣọ dì í mú nígbà tó ṣì gbóná, ẹ gbá a mọ́ gẹdú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ó gbọ́ ìró tó ki. Nígbà tó bá yá, ìró náà á yí padà, á dà bíi pé nǹkan ń mì nínú rẹ̀, egungun á sì yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, kí ẹ sá a sí ibòji. Oòrùn tí ẹ sá a sí yẹn á là á.

Ṣónṣó rẹ̀ ló dí gbagidi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀. Apá tó ní ihò wà fún ife àti ẹ̀gbà ọwọ́. Fún ṣíbí tàbí òòyà, ẹ fi ayùn là á, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná títí á fi rọ̀, kí ẹ fi pákó méjì há a títí á fi tutù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fáìlì, irin tí a fi ń rá nǹkan, rá a tán, ewé ìpín ni kí ẹ fi dán an, èyí tí àwọn tó ń fín igbá ń lò. Mi ò tíì rí bébà oníyanrìn tó dùn mọ́ mi lọ́wọ́ tó o. Òrí ni kí ẹ fi kádìí rẹ̀, torí kòkòrò máa ń jẹ ìwo tó bá gbẹ jù. Ẹ bo imú yín tí ẹ bá ń fi fáìlì rá a, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún oníbàárà pé a kì í bu ẹ̀kọ gbígbóná sí ife ìwo.

Níbi rírà, ìwo màlúù funfun tí Fúlàní ń pè ní Bunaji gùn, ó sì tẹ̀ dáadáa. Ti Gudali, irú màlúù mìíràn, kúrú. Ti màlúù tó ti dàgbà nípọn ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ bá alápatà sọ ọ́ kí wọ́n tó fi iná bó orí ẹran, torí ìwo tí iná ti là kò ṣeé fi ṣe nǹkan kan. Ilé ìpẹran tí dókítà ẹran ti ń yẹ màlúù wò, bí èyí tó wà ní Amósùn lẹ́bàá Ìbàdàn, ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má ra ìwo màlúù tó kú fúnra rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n rí àrùn ántíráàsì lára ẹran ọ̀sìn ní Sùlèjà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Kòkòrò àrùn yẹn lè fara pamọ́ sínú awọ àti ìwo fún ọdún púpọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dán ọ̀kan tán, ẹ gbé e lọ bá Màmá ní ọ̀sán. Ẹ nà án sókè sí oòrùn kí wọ́n rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ilà dúdú àti àwọ̀ oyin tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fúnra wọn ki ìka bọ inú rẹ̀ títí dé ìdí.