Káàdì tí kámẹ́rà rẹ gbà ni kí o rà

Àbúrò mi, mo ti fara balẹ̀ ka ohun tí o kọ. O ra Canon 500D tòkunbọ̀ ní Òmù-Àrán, o wá fi owó tó kù ra káàdì SD 64GB tuntun kí o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òde. Bí o ṣe ki káàdì náà bọ̀ ọ́, Err 02 ló ń gbé jáde, ìyẹn ni pé kò lè bá káàdì ṣiṣẹ́. O ní kí ó fọ́mátì rẹ̀, kò gbà. Ẹni tó ta káàdì ní kámẹ́rà ló bàjẹ́, ẹni tó ta kámẹ́rà ní káàdì ni kò dáa. O wá ń béèrè èwo ni kí o dá padà nínú méjèèjì.

Má dá kámẹ́rà padà. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí nǹkan kan má ṣe é, kí káàdì náà sì jẹ́ ojúlówó. Wọn kò bára wọn mu ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi fọ́tò jẹun ní Ìlọrin níbí, irú ẹjọ́ báyìí sì ti dé ọ̀dọ̀ mi ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn ni pé kámẹ́rà ni kí èèyàn kọ́kọ́ bi léèrè, kí ó tó bi oníṣọ́ọ̀bù.

Wo ojú káàdì rẹ dáadáa. SDXC ni wọ́n kọ sí i lára, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Káàdì tí wọ́n kọ SD nìkan sí, 2GB ni ó mọ. Èyí tí wọ́n kọ SDHC sí bẹ̀rẹ̀ láti 4GB, ó dé 32GB. SDXC ló bẹ̀rẹ̀ níbi tó ju 32GB lọ, 64GB ni a sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí lọ́jà. Bí ó ṣe gùn tó, bí ó ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe nípọn tó, ọgbọọgba ni wọ́n, ojúhò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, torí wọ́n gbà pé ohun tó bá ti wọlé ti ní láti ṣiṣẹ́.

Ọdún 2006 ni SDHC dé. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n kéde SDXC, Canon sì kéde 500D ní oṣù kẹta ọdún 2009 yẹn. SD àti SDHC nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Tí ó bá jẹ́ 550D lo rà, tí ó jáde ní 2010, 64GB yẹn ìbá wọlé kí ó sì ṣiṣẹ́ láìsí àríyànjiyàn. Ọdún kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń to nǹkan sínú káàdì yàtọ̀. FAT32 ni SDHC ń lò, exFAT ni SDXC ń lò. Kámẹ́rà tí kò mọ exFAT rí dà bí ẹni tó jẹ́ kéwú nìkan ló kọ́, tí wọ́n wá gbé ìwé ABD lé lọ́wọ́: ojú rẹ̀ kò fọ́, ìwé náà kò sì ya, àmọ́ kò lè kà á. Àwọn kan máa sọ fún ọ pé kí o fi kọ̀ǹpútà sọ 64GB yẹn di FAT32, pé ó máa gbà á. Lóòótọ́, ó máa ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn kámẹ́rà kan. Bí o bá fẹ́ fi ya òdòdó ẹ̀yìnkùlé rẹ, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá ti san owó fún ọ, má ṣe é. Káàdì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà kò kọ sínú ìwé ìlò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé òde ìgbéyàwó.

Káàdì àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí. SDHC 8GB tí ẹnì kan bá ta fún ọ lówó pọ́ọ́kú máa ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà tó dé lánàá. Kámẹ́rà àtijọ́ ni kò lè gba káàdì tuntun.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Sony a6000, tiyín yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi XAVC S, ìyẹn ọ̀nà kan tí Sony ń gbà tọ́jú fídíò tó mọ́ dáadáa, ya fídíò, SDXC ló máa bèèrè lọ́wọ́ yín, kò ní gba SDHC, bó ti wù kí SDHC náà yára tó. Àwọn tó ń lo Canon 5D Mark II tàbí 7D, CF (CompactFlash), irú káàdì mìíràn tó tóbi ju SD lọ, ni tiyín, káàdì SD kankan kò wọ̀ ọ́. Ẹ rọra máa ki CF bọ̀ ọ́ o, nítorí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú ihò rẹ̀ máa ń tẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti tẹ̀, ilé alátùn-únṣe ló kù.

Ní ti ìyára, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ jù, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. O ní 170MB/s ni wọ́n kọ gàdàgbà sí ojú káàdì, pẹ̀lú U3 àti V30. Nọ́ńbà gàdàgbà yẹn, ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń ka nǹkan jáde nínú káàdì ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ìyára tí kámẹ́rà fi ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ máa ń kéré sí i, òun gan-an ni iṣẹ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àmì kékeré ló ń sọ èyí fún ọ. Nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà C ń sọ iye MB tí káàdì kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 4 jẹ́ 4MB, 6 jẹ́ 6MB, 10 jẹ́ 10MB. U1 jẹ́ 10MB, U3 jẹ́ 30MB. V30 jẹ́ 30MB, V60 jẹ́ 60MB, V90 jẹ́ 90MB.

Kámẹ́rà rẹ ti jáde kí wọ́n tó gbé ètò UHS, èyí tó jẹ́ kí káàdì SD lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, dé ní 2010. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọ káàdì nínú rẹ̀ kò lè ju 25MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí bí V60 ṣe fẹ́ sáré níbẹ̀. Bákan náà ni ti UHS-II, èyí tí o máa fi ìlà irin kejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dá mọ̀: owó ńlá ni, kò sì ní ṣe ohunkóhun fún ọ. SDHC 32GB, Class 10, tó jẹ́ ojúlówó, ti tó fún 500D, ó tún ṣẹ́ kù.

Má wá tìtorí ìyẹn lọ ra èyí tó lọ́ra. Fún fídíò, Class 6 sókè ni kí o mú. Bí káàdì kò bá yára tó, wàá rí i tí àmì kan yọ ní apá ọ̀tún ojú kámẹ́rà, tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti kún dókè, kámẹ́rà máa dá fídíò dúró fúnra rẹ̀. Fojú inú wò ó kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ nígbà tí Àáfà ń so yìgì lọ́wọ́. Ní ti fọ́tò, bí o bá ń fi RAW, ìyẹn fáìlì ńlá tí kámẹ́rà kò tíì ṣe nǹkan kan sí, ya wọ́n léraléra, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni 500D lè gbà sínú kó tó kọ buSY sí ọ lójú, ìgbà náà ni wàá wá dúró de káàdì, bí ìyàwó sì ń jó lọ, ó ń jó lọ.

Ohun kan tún wà nípa fídíò tí àwọn èèyàn máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru káàdì. Bí fáìlì kan bá ti pé 4GB, 500D máa dúró. FAT32 ni kò gba fáìlì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń ya 1080p, ìyẹn fídíò tó tóbi jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 ni. Bí ó bá jẹ́ 720p, èyí tó kéré sí i, bí ìṣẹ́jú 18. Wàá tún un tẹ̀ ni. 720p ni mo máa fi ṣiṣẹ́ bí mo bá jẹ́ ìwọ, torí ó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 20 péré ni ti 1080p rẹ̀, ijó sì máa ń rí fàtàfàtà nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ayédèrú. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ya ìgbéyàwó kan ní Ọ̀fà. Káàdì tó wà nínú kámẹ́rà rẹ̀ ní orúkọ ńlá lójú, 64GB, inú páálí tí wọ́n fi ọ̀rá bò ni ó ti yọ ọ́. Ó ya fọ́tò látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń hàn lójú kámẹ́rà bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. A dé ilé, a so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Orúkọ gbogbo fáìlì pé, ọjọ́ àti àkókò pé, ìwọ̀n wọn pé. Àwọn ti àárọ̀ ṣí dáadáa. Nígbà tí ó di ibi tí ìyàwó ti wọlé, a rí gèlè rẹ̀, a rí iwájú orí rẹ̀, láti ojú dé ẹsẹ̀ wá di eérú pẹrẹsẹ. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ ṣí rárá. A gbé e fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó sọnù, wọn ò rí nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tó wọ inú káàdì náà rí. Ohun tó wà nínú káàdì tèmi ni a fi bẹ ẹbí ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ń béèrè fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, a kò ní in.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á mú káàdì tí inú rẹ̀ kò ju 8GB lọ, wọ́n á kọ́ ọ láti máa sọ fún kámẹ́rà pé 64GB ni òun. Títí 8GB yẹn fi máa kún, kò sí ohun tí wàá rí. Lẹ́yìn náà ni á máa ju èyí tó ń wọlé nù tàbí kí ó máa kọ ọ́ lé èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ lórí. Fọ́tò tí kámẹ́rà ń fi hàn ọ́ kété tí o bá tẹ̀ ẹ́, inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ti wá, kò tíì lọ bẹ káàdì wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ mi kò fi lè mọ̀ lójú òde.

Páálí kò lè gbà ọ́, orúkọ ojú rẹ̀ kò lè gbà ọ́, iye owó náà kò sì lè gbà ọ́ nígbà mìíràn. Dídán an wò ló lè gbà ọ́. Ètò kan wà tó ń jẹ́ H2testw, àwọn ará Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́. Ó máa kọ fáìlì kún káàdì náà bámúbámú, ó máa wá padà kà á láti wò bóyá ohun tó kọ ló bá. Ẹni tó ń lo Linux, F3 ni kó lò. Rí i pé káàdì náà ṣófo, jẹ́ kí bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ kún torí iná tó lè lọ, kí o sì fún un ní àkókò. 32GB lè gbà tó wákàtí kan. Bí ó bá parí láìsí àṣìṣe, ó tán. Bí ó bá sọ pé ohun tó kà kò bá ohun tó kọ mu, dá a padà lọ́jọ́ náà. Kò sí káàdì tó ń dé òde lọ́wọ́ mi báyìí láì gba abẹ́ H2testw kọjá, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn ni wọ́n fi fún mi.

Má lo microSD, káàdì kékeré inú fóònù, tí wọ́n ki bọ inú adápítà kó lè tó SD, fún iṣẹ́ owó. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ irin tó fara kan irin ti pọ̀ jù níbẹ̀, bí ọ̀kan bá ṣí díẹ̀, Err 02 tún dé.

32GB méjì sàn fún ọ ju káàdì ńlá kan lọ. Pẹ̀lú JPEG tó tóbi jù nínú 500D, tí fọ́tò kan jẹ́ nǹkan bíi 5MB, 32GB á gbà tó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Lo ọ̀kan dé ìgbà tí wọ́n bá so yìgì tán, yọ ọ́, tì í sínú àpò inú, kí o wá fi ìkejì ya àpèjẹ. Inú kámẹ́rà ni kí o ti máa fọ́mátì wọn, lẹ́yìn tí o bá ti kó fọ́tò sí ibi méjì. Iná pupa kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, bí ó bá ń ṣẹ́jú, má ṣí ilẹ̀kùn káàdì. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá ní òun kò rí káàdì, tàbí tí ó ní òun fẹ́ fọ́mátì rẹ̀, kọ̀ fún un, wá ohun ìkàwé káàdì tuntun. Èyí tí wọ́n ṣe kí SDHC tó dé kò lè ka 32GB rẹ láéláé.

Tí o bá ń bọ̀ ní Ìlọrin láti wá ra á, gbé kámẹ́rà náà dání wá sí òpópónà Táíwò. Kí káàdì tó kúrò lórí káńtà, ki í bọ kámẹ́rà, fọ́mátì rẹ̀, ya fọ́tò díẹ̀ àti fídíò kan. Kí o tó sanwó, bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ kó yé e pé o máa dán an wò nílé, pé bí kò bá pé o máa dá a padà, kí ó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ní ti 64GB ọwọ́ rẹ, kọ́kọ́ mú un lọ bá ẹni tó tà á kí ó fi SDHC 32GB méjì pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé 500D kò gba SDXC. Bí ó bá kọ̀, fi H2testw dán an wò. Bí ó bá yege, ó dára fún títọ́jú fọ́tò tí o bá ti yà sórí kọ̀ǹpútà, títí wàá fi ra 550D tàbí èyí tó jù ú lọ.